Àwa Tí Omi Kì Í Gbé

Mo jókòó sí ìsàlẹ̀ omi bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò ní Lálúpọn.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àgbá ńlá kan ni, gíláàsì ni ara ẹ̀, omi inú ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ tuntun. Wọ́n ní kí n wọnú ẹ̀, kí n fa afẹ́fẹ́ kún àyà, kí n wá fara sílẹ̀, omi á gbé mi. Gbogbo àwọn tó wọ̀ ọ́ ṣáájú mi ni omi gbé, wọ́n léfòó bí igbá. Èmi rì. Mi ò jà, mi ò pariwo, mo kàn lọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìdí mi kan ilẹ̀, mo jókòó. Mo gbójú sókè. Àwọn òyìnbó mẹ́ta na ọrùn sórí omi, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ egungun ara mi. Ó ń dún díẹ̀díẹ̀, bí ilé onípáánù tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kú ló wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé báyìí gan-an ni wọ́n ṣe bá Bàbá Àgbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ ná, kó má di pé ẹ ń retí ọ̀mọ̀wé. Abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn ni wọ́n bí mi sí, níbi tí gbogbo atẹ́gùn ti ń gbé òórùn gàrí wá. Mo wọ yunifásítì, mo gba yàrá ní Ajíbọ́dè, mo lo ọdún méjì níbẹ̀. Onílé mọ ojú mi ju olùkọ́ kankan lọ. Nígbà tí wọ́n lé mi, mo sọ fún wọn nílé pé èmi ni mo fi ilé-ìwé sílẹ̀. Mo tún rí ilé-ìwé mìíràn gbà ní Finland. Mo dé ibẹ̀, mo sì fi ìyẹn náà sílẹ̀ kó tó pé ọdún kan. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ìwé-ẹ̀rí méjì. Èmi pa ilé-ìwé tì ní orílẹ̀-èdè méjì. Ó yẹ kí ẹnì kan fún mi ní ife-ẹ̀yẹ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀, òtútù kọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Nílé, kó o tó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé kànga, èèyàn mẹ́fà á ti bi ọ́ bó o ṣe sùn, ọ̀kan á ti bú ẹ, ọ̀kan á ti fi ìyàwó lọ̀ ẹ́. Níbẹ̀, mo lo ọjọ́ mẹ́rin láìsọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún mo ṣèèṣì gbá orúnkún mọ́ tábìlì, mo kígbe, ohùn ara mi sì dẹ́rù bà mí. Nígbà òtútù, aago mẹ́ta ọ̀sán lásán, ilẹ̀ á ti ṣú bíi pé ẹnì kan da aṣọ bo ìlú náà.

Bàbá arúgbó kan ń gbé ìsàlẹ̀ yàrá mi. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn káàárọ̀ ní èdè wọn, mo wá ń kí i lójoojúmọ́ lórí àtẹ̀gùn. Kò dáhùn rí. Ńṣe ló máa ń wo òkè èjìká mi, bíi pé ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn mi. Ó débi pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn. Nígbà tí ewé igi ń jábọ́, àwọn ọkùnrin méjì gbé e jáde nínú àpò gígùn kan. Kò sí ẹkún, kò sí èrò, kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì ní nǹkan. Láti ìgbà náà, yàrá ìsàlẹ̀ ṣófo. Wọ́n yọ kọ́tìnì ẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Mo wá mọ̀ pé orí òfìfo ni mò ń sùn.

Bí ìdákẹ́jẹ́ náà bá ti pọ̀ jù, mo máa ń fi ahọ́n kan òkúta ẹnu mi.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti òkúta náà fún yín. Ní ilé bàbá mi, bí èèyàn bá ti ń dàgbà, nǹkan líle kan á hù sí àjà ẹnu ẹ̀, ní àárín gbùngbùn, bíi pé ẹnì kan fi ààbọ̀ èkùrọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Kì í dunni. Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Bàbá mi ní in, Bàbá Àgbà tó bí wọn ní in. Lọ́dún tí ọmọ bá pé ogún ọdún, Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó jẹ́ àgbà pátápátá nínú ilé, á fi omi iyọ̀ fọ àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n á ní kó o lanu. Wọ́n á tẹ àjà ẹnu ẹ. Bí wọ́n bá bá òkúta níbẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á mú ẹ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n sin bàbá mi àti Bàbá Àgbà sí lábẹ́ símẹ́ńtì. Wọ́n á pe orúkọ ẹ. Ìwọ náà á fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè mọ ẹsẹ̀ ẹ yàtọ̀. Ọjọ́ náà lo tó di ọmọ ilé.

Nígbà tí wọ́n ṣe tèmi, mo ti mutí díẹ̀. Mo kan ilẹ̀ débi pé símẹ́ńtì fẹ́rẹ̀ẹ́ là. Ìyá Àgbà ní, "Jẹ́jẹ́, ìwọ ọmọ yìí, wọn ò dití."

Òkúta náà kì í dá wá. Egungun wa kì í ṣẹ́. Mo já bọ́ lórí igi mángòrò nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀ka ló ṣẹ́. Ọ̀kadà dànù pẹ̀lú bàbá mi lọ́nà Lálúpọn, ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bàbá mi lọ sóko. Nígbà tí wọ́n kú, ibà ló pa wọ́n, nítorí egungun kì í dènà ibà. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, síbẹ̀ ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé pósí wọn, gbogbo wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀kan sọ pé, "Bàbá yìí, kí ni wọ́n gbé mì?" Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Àwa kì í sì í wọ odò. Bàbá Àgbà wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà òjò ni, wọ́n ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, igi ọ̀pẹ tí wọ́n fi ṣe afárá yẹ̀ lábẹ́ wọn. Odò yẹn gbé ewúrẹ́ lọ lọ́jọ́ náà, ó gbé ilẹ̀kùn ilé kan lọ, ó gbé gbogbo ẹ̀gẹ́ náà lọ. Kò gbé Bàbá Àgbà. Ọjọ́ kẹta tí omi fà, wọ́n bá wọn ní ibi tí wọ́n já sí gan-an, wọ́n jókòó sí ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn wọn dúró ṣánṣán, ọwọ́ wọn wà lórí itan, bí ẹni tó ń gbàlejò.

Ìyá Àgbà ló sọ ọ́ fún wa. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú lórí pèpéle ilé ìdáná tí atò-egungun fi oṣù mẹ́ta tò wọ́n ní ìbàdí. Wọ́n máa ń fi ọ̀pá náà kan ilẹ̀ bí wọ́n bá dé ibi tí Bàbá Àgbà ti jókòó.

Ẹ wá wò mí. Mo gba egungun irin, wọ́n sì gbé orí tó fúyẹ́ lé e. Iṣẹ́ tí mo rí ní Finland ni kí n máa nu ilẹ̀ ní ilé ńlá kan tí àwọn eléré ìdárayá ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mò ń ti aṣọ ìnulẹ̀ lẹ́yìn àwọn tó ń sá, àwọn tó ń fò, àwọn tó ń gbé irin. Nínú ilé yẹn kan náà, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Kaisa ń yẹ ara wọn wò. Ó fẹ́ mọ ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn àti ohun tí wọ́n bá wáyé láti ara òbí: bí egungun wọn ṣe nípọn tó, bí iṣan ṣe pọ̀ tó, ibi tí ọ̀rá jókòó sí. Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri pé òun ń wá àwọn eléré ìdárayá tí ìdílé wọn wá láti Áfíríkà. Wọ́n á fún wọn lóúnjẹ gbígbóná.

Oúnjẹ gbígbóná ni mo rí kà nínú ìwé náà. Mo forúkọ sílẹ̀.

"Eré wo lo ń ṣe?" Kaisa bi mí. Ojú ẹ̀ wà lára ikùn mi.

"Eré sísá, mà. Ti ọ̀nà jíjìn."

"Láti ibo dé ibo?"

"Láti Lálúpọn dé ibí."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ bọ́ aṣọ. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní kí òun ṣáà wò mí pọ̀ mọ́ wọn, òun náà fẹ́ rí bí ẹni tí kì í ṣeré ṣe rí. Àyẹ̀wò méjì ni: àgbá omi tí mo sọ fún yín, àti ẹ̀rọ kan tí èèyàn á dùbúlẹ̀ sí tó máa ya àwòrán egungun ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fà mí jáde nínú omi, wọ́n ní àgbá náà lè ti bàjẹ́. Wọ́n fi mí sí i lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún jókòó sísàlẹ̀. Wọ́n wá tẹ́ mi sórí ẹ̀rọ. Apá ẹ̀ rìn kọjá lórí mi láì fara kàn mí, ó ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, òkùnkùn ti bo fèrèsé. Kaisa yí kọ̀ǹpútà sí mi.

Mi ò rí ara mi níbẹ̀. Bàbá mi ni mo rí. Àgbọ̀n tó fẹ̀ yẹn, èjìká tó tẹ̀ díẹ̀ sí òsì, bí wọ́n ṣe máa ń gbé orí lélẹ̀ sórí ìrọ̀rí bíi pé wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan nísàlẹ̀. Ọdún kẹwàá tí a ti da símẹ́ńtì bò wọ́n nìyẹn. Wọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀, funfun, nínú òkùnkùn kọ̀ǹpútà, ní ìlú tí wọn ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Mo mí, àyà wọn sì dúró bó ṣe wà.

"Ṣé ó dáa?" Kaisa béèrè.

Mo ní ó dáa.

"Àwọn tó ń gbé irin, ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi ń wá egungun báyìí, wọn kì í sì í rí tó èyí. Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń nu ilẹ̀ ni, mà."

Mo máa ń rò ó nígbà náà pé ẹni tó bá rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ti já okùn. Mo ti pààrọ̀ oúnjẹ, mo ti pààrọ̀ aṣọ, ohùn mi gan-an ti ń kéré. Láti ọjọ́ tí mo ti rí àwòrán yẹn, bí mo bá ń rìn nínú yìnyín, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì máa ń ronú pé ta ló ń rìn. Ahọ́n mi ń kan òkúta. Ó dà bíi pé ó ń tóbi sí i. Mo bi Kaisa, mo retí kó ní èrò ọkàn lásán ni. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń dàgbà." Ó kàn sọ ọ́ ni, ó sì ń bá tíì ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àbíkẹ́ pè mí.

Àbíkẹ́ ni àbúrò mi, àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Òun ni eléré ìdárayá tòótọ́ nínú wa. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sáré lórí títì ọlọ́dà láti abúlé wa dé Lálúpọn láràárọ̀, ọlọ́kadà á máa fọn fèrè lẹ́yìn ẹ̀, kò ní yà. Wọ́n ti mú un láti sáré fún ìpínlẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ogún ọdún.

"Bọ̀dá mi, wọ́n ní mi ò ní."

"O ò ní kí ni?"

"Òkúta. Ìyá Àgbà wá a títí. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá ẹnu mi bí ẹni tí òrùka ẹ̀ bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n wá yọ ọwọ́, wọn ò mi orí. Àwọn bàbá mẹ́ta tó jẹ́ àgbà ẹbí jókòó tì wọ́n. Wọ́n bi wọ́n pé kí ni wọ́n bá, wọ́n ní, 'Ó tẹ́jú.'"

"Bóyá ó kéré ni."

"Ó tẹ́jú, Bọ̀dá mi. Èmi náà ti wò ó. Ẹsẹ̀ mi sì ti là."

Egungun ojúgun ẹ̀ ló là, nígbà tó ń sáré, láìṣubú, láìgbá nǹkan kan. Dókítà ìlú ya àwòrán ẹ̀. Ìyẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Àwọn bàbá mẹ́ta náà so ó pọ̀: ọmọ ilé yìí kì í ṣẹ́ egungun, ọmọ ilé yìí ní òkúta, èyí ò ní òkúta, èyí ṣẹ́ egungun. Wọ́n wá yíjú sí ìyá mi. Kò sẹ́ni tó bú wọn. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn bí àlejò.

Ìyá mi gba fóònù.

"Ò ń gbọ́ mi? Inú yàrá bàbá yín ni mo bí ẹ̀yin méjèèjì sí. Ìrántí bàbá yín ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí wọn ò bá pe orúkọ ọmọ yìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi àti ẹ̀ á kó ẹrù wa lọ sí Ẹgbẹ́dá lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò sì ní padà."

"Màmá, àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n fi ń mọ bàbá ọmọ. Itọ́ lásán ni wọ́n máa gbà..."

"Ẹni tó bá fẹ́ rí itọ́ mi, kó dúró, mo máa tu ú sílẹ̀ níwájú ilé wọn kí n tó lọ. Ṣé ẹjọ́ ni mo wá jẹ́ nílé ọkọ mi? Ìwọ tí wọ́n ló ní òkúta, kí lo fi òkúta ṣe? Sọ̀rọ̀!"

Òkúta wà lẹ́nu mi lóòótọ́, ó dà bíi pé òun ló di ọ̀nà ọ̀rọ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Kaisa. Mo ti aṣọ ìnulẹ̀ dé ẹnu ọ́fíìsì ẹ̀, mo dúró síbẹ̀ títí ó fi ní kí n wọlé.

"Dókítà, tí bàbá bá ní egungun báyìí, ṣé gbogbo ọmọ ẹ̀ ló máa ní in?"

"Rárá," ni Kaisa wí. Ó nawọ́ mú ẹ̀wù méjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀, ọ̀kan nípọn fún òtútù, ọ̀kan fẹ́lẹ́. "Ronú pé bàbá rẹ ní ẹ̀wù méjì báyìí. Ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bí á na ọwọ́ sínú òkùnkùn, á mú ọ̀kan. Kò lè mú méjèèjì. Ìwọ mú èyí tó nípọn. Àbúrò rẹ lè mú èyí tó fẹ́lẹ́. Ẹ̀wù bàbá rẹ náà ni."

"Egungun ẹ̀ tó là ńkọ́?"

"Kò pàdánù nǹkan kan. Egungun bíi ti gbogbo ayé ni tirẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kó sáré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ojoojúmọ́ sáré lórí ọ̀dà, tí kò sinmi, tí kò jẹun tó, egungun rẹ̀ á là. Jẹ́ kó sinmi, á jinná. Tìrẹ ni kì í ṣẹ́ bọ̀rọ̀, kódà bó o bá di arúgbó, kó o ṣubú lórí àtẹ̀gùn."

Inú mi dùn. Mo ní mo máa fi àgbàdo ṣàlàyé fún wọn nílé, kó lè yé wọn dáadáa: orí àgbàdo kan ṣoṣo, wóró funfun, wóró pupa, bàbá kan náà. Kaisa fi ọwọ́ bo ojú.

"Má dán an wò o. Lórí àgbàdo, wóró kọ̀ọ̀kan lè ní bàbá tirẹ̀."

Ẹ rí i bí mo ṣe fẹ́ fi ẹnu ara mi lé ìyá mi dé Ẹgbẹ́dá.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mò ń nu àtẹ̀gùn, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, ọ̀rọ̀ Kaisa ń yí lórí mi. Kódà bó o bá di arúgbó. Kó o ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Mo dé ìpele kẹrin, ọwọ́ mi dúró. Mo gbọ́ ọ̀pá kan tó ń kan ilẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, orí mi ni ọ̀pá náà ti ń dún. Pèpéle ilé ìdáná. Oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ atò-egungun.

Gbogbo ọdún yẹn, a ń gbọ́ ọ̀pá náà, a ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Mo ní kí Àbíkẹ́ gbé fóònù fún Ìyá Àgbà, kó sì jáde kúrò níbẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà."

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ yín tó wà lókè òkun ni."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí ò kàwé."

"Háà, ìwọ. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà. Ìyá Àgbà, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ta ló fi ọwọ́ kan àjà ẹnu tiyín?"

Mo gbọ́ adìyẹ kan lọ́nà jíjìn. Mo gbọ́ ẹni tó ń gún nǹkan lódó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ tẹ̀lé e, bí bàbá mi bá wà láyé, wọ́n á fọ́ mi létí.

"Ẹ dákun, mà. Ẹ fi àtàǹpàkò yín sí i."

Ìdákẹ́jẹ́ tó wá lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí àfi nísàlẹ̀ omi. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ èémí wọn, ó tutù, ó wà nítòsí etí mi gan-an, bíi pé wọ́n wà lẹ́yìn mi nínú yàrá.

"Mo ti fi sí i," ni wọ́n wí. "Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdébìnrin ni mo ti ń fi sí i. Láràárọ̀, kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òní náà, mo fi sí i. Mo rò pé á hù."

Mo fi ahọ́n kan òkúta tèmi.

"Àbúrò bàbá mi obìnrin ló ń fi ọwọ́ kan tàwọn èèyàn nígbà náà. Ó kú kó tó kàn mí. Èmi ni àgbà, wọ́n ní kí n bọ́ sí ipò ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ kan tàwọn yòókù, ta ló máa ní kó lanu? Mo ti pe orúkọ gbogbo yín síbẹ̀. Wọn ò pe tèmi. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò mọ̀ mí. Mò ń rìn lórí wọn lójoojúmọ́, wọn ò mọ ẹni tó ń rìn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá sọ pé ti Àbíkẹ́ tẹ́jú? Ẹ ò bá ti mi orí lásán."

"Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó dà bíi pé ẹnu ara mi ni mo ki ọwọ́ bọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbàgbé láti purọ́."

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wù méjì náà fún wọn, bí Kaisa ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́, láìfi àgbàdo kankan sí i. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Òótọ́ ni, àbí ò ń fi ìwé tàn mí?"

"Ìyá Àgbà, mi ò kàwé tó ẹni tó lè fi ìwé tan èèyàn."

Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò ṣèlérí. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ láìpa á, mo sì ń gbọ́ ọ̀pá wọn bó ṣe ń jìnnà lọ, kó, kó, kó, títí owó fóònù fi tán.

Ọjọ́ ìrántí bàbá mi, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo jókòó sí yàrá mi. Aago mẹ́ta, òkùnkùn ti dé. Àbíkẹ́ gbé fóònù sórí símẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n lè gbọ́ ni. Báyìí ni etí mi ṣe wà lórí bàbá mi, tí ìyókù ara mi wà ní Finland. Mo gbọ́ tí èrò ń dákẹ́. Mo mọ̀ pé àpò ẹrù ìyá mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, torí wọ́n ti sọ fún mi láàárọ̀ pé àwọn ti dì í.

Ọ̀pá dé. Ó dúró.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀," Ìyá Àgbà wí, ohùn wọn ò ga, "ẹ̀wù méjì lẹ ní. Èyí tó nípọn lẹ fún àwọn kan, èyí tó fẹ́lẹ́ lẹ fún àwọn kan. Ẹ̀yin lẹ ni méjèèjì. Mo ṣì í sọ tẹ́lẹ̀. Àbíkẹ́ rèé."

Ẹnì kan nínú àwọn bàbá mẹ́ta náà ní, "Ìyá, kí lẹ̀ ń sọ yìí?"

"Dákẹ́ ná. Àbíkẹ́, kan ilẹ̀."

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó dá ṣáṣá ló fi kàn án. Tó. Tó. Tó. Ó fúyẹ́ bíi pé ẹyẹ ló bà. Mo gbọ́ tí ìyá mi fa imú. Mo fẹ́ kígbe, àmọ́ Ìyá Àgbà ò tíì ṣe tán.

"Àṣàbí," ni wọ́n pè.

Mo gbọ́ tí ìyá mi rọra béèrè pé, "Ta ló ń jẹ́ Àṣàbí?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kù láyé tó ti pe Ìyá Àgbà ní orúkọ rí.

Ọ̀pá já bọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan di wọ́n mú, tí wọ́n ní kó fi àwọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, gìgísẹ̀ arúgbó kan kan símẹ́ńtì nítòsí etí mi gan-an, ó rọra kàn án bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò dá a lójú pé wọ́n á ṣí. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó pẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì. Ó pẹ́ gan-an. Ẹ̀ẹ̀kẹta.

"Màmá Àbíkẹ́," Ìyá Àgbà wí, "lọ tú ẹrù yẹn."

Fóònù já.

Mo dìde láàárín yàrá. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ mi lójú mi bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Mo pe ara mi. Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ mo pè é. Mo wá fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo egungun bàbá mi ló wà nínú ẹ̀: gbì, gbì, gbì. Àwo mi dún lórí tábìlì.

Ẹnì kan sì kàn án padà láti ìsàlẹ̀. Gbì. Gbì. Gbì.

Mo dúró. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Páìpù omi gbígbóná ni. Àwọn páìpù ibẹ̀ máa ń dún bí òtútù bá mú, gbogbo èèyàn ló mọ̀, kódà ẹni tó pa ilé-ìwé méjì tì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi etí lé ilẹ̀. Ó tutù. Mo kí bàbá ìsàlẹ̀ káàárọ̀ ní èdè wọn, bí mo ṣe máa ń kí i lórí àtẹ̀gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dáhùn.